Ìkìlọ̀: ṣọ́ọ̀kì àlòkù tí wọ́n kùn lọ́dà ni wọ́n ń tà fún wa bíi tuntun l'Ádòó-Èkìtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹrù ní Èkìtì, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó lọ ra ṣọ́ọ̀kì, ìyẹn ọ̀pá elépo nínú tó ń dá jíjó ọkọ̀ dúró. Mo ti kó sí i, n kò fẹ́ kí ẹlòmíì kó sí i.

Hilux ni mò ń wà. Iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo fi ń kó láti Ìkọ̀lé wá s'Ádòó. Lóṣù tó kọjá, ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Tí mo bá bọ́ sí kòtò kan, á lọ sókè á bọ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dúró. Mẹkáníìkì mi fi gbogbo ara ti igun ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì yọwọ́. Ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó dúró, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń jó lọ. Ó ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ti kú. Òótọ́ ló sọ.

Mo bá lọ sí ìsọ̀ páàtì kan. Ọkùnrin ibẹ̀ ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, inú páálí ló ti ń jáde yìí, kì í ṣe tókúnbọ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò." Mo tẹ̀ ẹ́, ó le dáadáa. Mo sanwó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí jíjó náà fi padà. Nígbà tí a fi jáàkì gbé ọkọ̀, epo ti ṣàn láti ọrùn ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún dé ìsàlẹ̀, erùpẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Mẹkáníìkì fi èékánná ha ọ̀dà dúdú ara rẹ̀, ló bá ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà pupa àtijọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, ojú wẹ́dà kan wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu ihò, tí wọ́n rọ epo tó ki sí i, tí wọ́n sì jó o pa. Epo kíki yẹn ló jẹ́ kó le lọ́wọ́ mi nísọ̀. Wọn kò pààrọ̀ ṣíìlì tó ti gbó, ìyẹn rọ́bà ọrùn rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí epo jò.

Nígbà tí mo gbé e padà, ọkùnrin náà ní mẹkáníìkì mi ló bà á jẹ́. Kò dá kọ́bọ̀ padà. Mi ò sì gba risíìtì.

Nítorí náà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí, ẹ gbé e sójú oòrùn. Ọ̀pá tó ń wọlé tó ń jáde gbọ́dọ̀ máa dán bíi dígí. Tí ẹ bá rí ìpẹtà tótòtó tàbí ojú híha, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ wo ojú ihò tí bóòtù ń gbà, bóyá bóòtù ti fi àpá síbẹ̀ rí. Ẹ wá ojú wẹ́dà kékeré náà, kí ẹ sì wò ó bóyá ọ̀dà bo nọ́ńbà ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì fà á bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Èyí tó ti sùn pẹ́ nínú páálí lè kọ́kọ́ rọ̀, ìyẹn kì í ṣe àbùkù. Àmọ́ tó bá ṣì ń rọ̀ lójijì lágbedeméjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má rà á. Kí ẹni tó tà á kọ "tuntun" sórí risíìtì. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ.

Ẹ sì jẹ́ kó dá yín lójú pé ṣọ́ọ̀kì ni ẹ nílò. Tí ọkọ̀ bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, síprín-ìn ni. Kò sí ṣọ́ọ̀kì tó máa gbé e dìde. Tó bá ń dún kò-kò-kò nígbà tí ẹ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ kọ́kọ́ yẹ bọ́ṣì síprín-ìn wò, ìyẹn rọ́bà ibi tí síprín-ìn ti so mọ́ ọkọ̀. Owó bọ́ṣì kò tó ti ṣọ́ọ̀kì rárá, àwọn kan kì í sì í sọ ọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Táyà tó ń fò kì í di ilẹ̀ mú, bíréèkì kò sì ní tètè mú un. Ẹ rò ó wò pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, nínú òjò.

Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì ṣì wà nílé mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú wẹ́dà náà kó tó lọ ra tirẹ̀, kó wá wò ó.