Ẹ Ṣọ́ra fún Jọ́nà Gbájúẹ̀ Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin olùkọ́ yunifásítì àti ẹ̀yin tó ń ṣe PhD, bí íméèlì kan bá ń pè yín ní ọ̀jọ̀gbọ́n nígbà tí ẹ ò tíì gba oyè, tó ní àpilẹ̀kọ yín á jáde lọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ pa owó yín mọ́ ná. Jọ́nà gidi, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń tẹ àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, a máa fi iṣẹ́ han onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, oṣù ló sì sábà máa ń gbà. Àwọn gbájúẹ̀ kì í kà á rárá. Lọ́dún 2013, akọ̀ròyìn John Bohannon fi ayédèrú ìwádìí oògùn jẹjẹrẹ, tí àṣìṣe hàn gbangba nínú rẹ̀, ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Àwọn 157 gbà á!

ISSN ni wọ́n fi ń mú èèyàn jù. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ lásán ni, kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ inú jọ́nà wò kó tó fún wọn. Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá àpilẹ̀kọ ìwádìí, náà ńkọ́? Ẹ̀rọ ni, ohun tó bá rí ló ń kó.

Bí wọ́n bá ní àwọn wà ní Scopus, ìyẹn àkójọ àwọn jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ wò, ẹ má tẹ líǹkì tí wọ́n fún yín. Ẹ fúnra yín ṣí ojú ewé Sources lórí Scopus, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi ISSN wá a. Ẹ wo àwọn ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: bó bá dúró sí 2019, bí àpẹẹrẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ jọ́nà náà kúrò nìyẹn, ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀ lónìí ò sí ní Scopus. DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́, àti AJOL, àkójọ àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà, náà ṣeé yẹ̀ wò.

Èyí tó le jù ni àwọn tó jí orúkọ àti ISSN jọ́nà gidi, tí wọ́n wá ṣí ìkànnì tiwọn. Gbogbo nọ́ńbà á bára mu! Ẹ mú DOI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀, àpilẹ̀kọ kan tó ti pẹ́ lórí ìkànnì náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn doi.org/. Bí kò bá ṣí, tàbí tó gbé yín lọ sí ìkànnì mìíràn, ẹ sá. Bó bá jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ má wulẹ̀ yẹ nǹkan kan wò mọ́.

Ẹni tó ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ oníǹkan (copyright). Ẹ kọ íméèlì pé ẹ ti gba iṣẹ́ yín padà, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san owó ìyọkúrò. Ẹ má san án.