WSUS ní ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà wa ní Panseke

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ eléyìí. WSUS ni irinṣẹ́ Microsoft tí a fi ń darí update Windows: server, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà kan, ló ń pín in fún àwọn kọ̀ǹpútà tó kù. Àwọn ọmọ wa ń ṣe ìdánwò Excel lọ́wọ́, aago mọ́kànlá lù báyìí, gbogbo kọ̀ǹpútà kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tún wá tan ara wọn padà, "Working on updates" ló kún ojú gbogbo wọn. Ọmọbìnrin kan tí ò tíì sefù iṣẹ́ ẹ̀ bú sẹ́kún.

Mo pe àwọn tó bá wa to WSUS yẹn, èyí tó gbé fóònù ní "Ẹ fara balẹ̀ sà, bí Windows ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Irọ́ ni! Mo wọ inú server fúnra mi, mo rí i gbangba: wọ́n fọwọ́ sí àwọn update yẹn, wọ́n wá fi deadline sí i, aago mọ́kànlá ọjọ́ yẹn gan-an. Deadline tó bá sì ti pé, kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, ó máa ti update bọnú ẹ̀rọ tipátipá ni, ó sì máa pa ẹ̀rọ náà, á tún tàn án padà. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, wọ́n kà á, wọn ò fèsì. Mo tún pè, wọ́n ní ọ̀gá ò sí nílé. Mo bá gun ọ̀kadà lọ ká wọn mọ́ Oke-Ilewo.

Ọmọbìnrin kan ló dìde: "Ẹ má bínú ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó." Kò bá mi jiyàn rárá. Ó yọ deadline, ó pín àwọn ẹ̀rọ sí gúrúùpù, ti ọ́fíìsì á kọ́kọ́ gba update, tí ò bá ti sí wàhálà, ti kíláàsì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tá a bá ti tì ṣọ́ọ̀bù. Olúwa á ṣe tiẹ̀ náà ní rere.

Irinṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ dáa o. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti di Tuesday kejì nínú oṣù tí Microsoft ń gbé update jáde, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á máa fa tiẹ̀, dátà á gbẹ. Ní báyìí server á fà á lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù á gbà á lára ẹ̀ nínú ilé níbí. Ẹni tó bá sì ní update ò ṣe pàtàkì, March 2017 ni àtúnṣe ti jáde, May ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń ti fáìlì èèyàn pa tó sì ń béèrè owó, wá kọlu àwọn tí ò tíì fi í sí i.

Ṣùgbọ́n WSUS kì í bá wa ṣe update ti Chrome, ọwọ́ la ṣì fi ń ṣe ìyẹn. Microsoft sì ti kéde láti September 2024 pé àwọn ò ní fi nǹkan tuntun kún WSUS mọ́, ó kàn ṣì ń ṣiṣẹ́ ni. Àwọn tó gbowó lọ́wọ́ wa mọ̀, wọn ò sọ.

Mo fún WSUS ní 4 nínú 5. Wọn ò sì tíì bẹ ọmọ tó sunkún yẹn.