Mo ti ń ka ìwé PFD fún oṣù mẹ́ta: ohun tí mo rí níbẹ̀

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn ọpọlọ ń bá jà, níbí ní England. Lọ́dún tó kọjá, aláìsàn kan kú lọ́wọ́ wa. Àwọn ọ̀gá pè wá jọ, wọ́n ní ìwádìí ń lọ, ká pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó padà wá sọ ibi tọ́rọ̀ já sí fún wa. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn, òun ló sì gbé mi dé orí ìkànnì àwọn adájọ́, Courts and Tribunals Judiciary, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ìwé Prevention of Future Deaths (PFD) sí, ìyẹn ìwé ìkìlọ̀ kí irú ikú kan má bàa tún ṣẹlẹ̀.

Coroner ni adájọ́ tó ń wádìí ikú. Bó bá rí i pé ohun tó fa ikú ẹnì kan tún lè pa ẹlòmíràn, òfin ní dandan ni kó kọ̀wé sí ẹni tó lágbára láti tún nǹkan ọ̀hún ṣe, ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn tàbí mínísítà. Ọjọ́ 56 ni wọ́n fún onítọ̀hún láti fèsì. Láti 2013 ni wọ́n ti ń gbé àwọn ìwé yìí síta fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ sì ni.

Fọ́ọ̀mù kan náà ni gbogbo wọn, àpótí ní àpótí. Àpótí kẹrin ló ń sọ bí ikú ṣe wáyé. Ìkarùn-ún ló ń sọ ohun tó ń kọ coroner lóminú, òun sì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí kò fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń rí níbẹ̀ léraléra ni ọ̀rọ̀ yíyọjú wo aláìsàn: ìwé wọ́ọ̀dù ní wọ́n yọjú, kámẹ́rà ní ẹnikẹ́ni ò kọjá ní kọ́rídọ̀. Mo mọ ìwé tí a fi ń sàmì pé a yọjú yẹn dáadáa. Orúkọ wà lápá òsì, aago wà lókè, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní aago mẹ́rin ìdájí, kò ṣòro rárá láti kọ pé ó ń sùn. Iṣẹ́ gan-an ni kéèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà títí á fi rí i tí àyà ẹni yẹn gòkè tó sì sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ mi ní èyí tó àwọn ìwé wọ̀nyí.

Wíwá nǹkan níbẹ̀ ló ń dánni lágara. Ikú inú wọ́ọ̀dù lè wà lábẹ́ ìsọ̀rí àìsàn ọpọlọ, ó lè wà lábẹ́ ti àwọn tó gba ẹ̀mí ara wọn, ó sì lè wà lábẹ́ ti àwọn tó kú ní àhámọ́ ìjọba. Ẹ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èyí tó dùn mí jù wá ni pé kò sí ìjìyà fún ẹni tí kò bá fèsì, coroner ò sì lè fipá mú ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Ilé ìwòsàn á kọ̀wé pé àwọn ti dá òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́, pé ìlànà tuntun ti wà. Ta ló lọ wò ó? Kò sí ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó tẹ̀ lé ìwé kọ̀ọ̀kan títí ìlérí inú rẹ̀ á fi ṣẹ.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ coroner pàápàá, bí ẹlẹ́wọ̀n bá kú, àjọ kan wà tó dá dúró, Prisons and Probation Ombudsman, tó máa wádìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ aláìsàn wọ́ọ̀dù wa ló kú, ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wádìí ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi ikú ẹni tí wọ́n fi òfin dá dúró sí ilé ìwòsàn tó CQC, àjọ tó ń bójú tó ilé ìwòsàn ní England, létí, ṣùgbọ́n ìròyìn nìyẹn, kì í ṣe ìwádìí. Ẹ rántí Southern Health, ilé iṣẹ́ ìlera NHS kan ní gúúsù England: nígbà tí Mazars, ilé iṣẹ́ àwọn ayẹ̀wé-owó-wò, yẹ ìwé wọn wò ní 2015, nínú ikú 722 tí Southern Health fúnra rẹ̀ pè ní èyí tí ẹnikẹ́ni ò retí láàárín ọdún mẹ́rin, 272 péré ló rí ìwádìí tó jinlẹ̀ gbà. Ẹni tí wọ́n fi òfin dá dúró tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí bó bá kú, coroner gbọ́dọ̀ wádìí, kódà bó jẹ́ àìsàn ló pa á. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé kò ní ìdánilójú yẹn.

Mo fún ìkànnì náà ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Ìwé inú rẹ̀ ni mo fún ní mẹ́ta yẹn. Méjì tó kù jẹ́ ti ẹni tó yẹ kó máa tẹ̀ lé e, tí kò sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ẹ kà á, kí ẹ sì ka èsì pẹ̀lú rẹ̀.

Ti aláìsàn wa kò tíì sí níbẹ̀. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, màá tún wò ó.