Òru mẹ́sàn-án ní Kodi: ẹ lọ sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gbé mi dé Sumba, kì í ṣe fàájì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Manchester ló ń fi fọ́tò etíkun hàn mí láti ìgbà Kérésì: iyanrìn funfun, omi tó mọ́ gaara, àti iye owó tí kò tó ìdajì pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Ó ní ká dáwó jọ, ká rà á kí àwọn òyìnbó tó gbà á tán. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá, tí bàbá mi fi ọdún mọ́kànlá rojọ́ ilẹ̀ ní kóòtù, mo ní n kì í ra ilẹ̀ tí n kò tíì fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀. Bí mo ṣe gba ìsinmi ní oṣù Keje nìyẹn, tí mo lọ sun òru mẹ́sàn-án nílé àlejò kan ní Kodi, ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Sumba, ní Indonesia. Yàrá mẹ́ta péré ni wọ́n ní, ìdílé kan ló sì ni ín, torí náà n kò ní dárúkọ wọn síbí. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bá a bá dé ibi tí ìkarùn-ún ti já bọ́, màá sọ.

Ọ̀nà jìn. Mo dé Bali, mo sùn ní Denpasar mọ́jú, mo wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré lọ sí Tambolaka ní Sumba lọ́jọ́ kejì. Ìrìn tó lé díẹ̀ ní wákàtí kan ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti sún àkókò rẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀mejì láì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí náà ẹ má fi ọjọ́ ìpadàbọ̀ yín lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá tó ń lọ sílé. Ọkọ̀ ojú omi wà láti Sape ní erékùṣù Sumbawa dé èbúté Waikelo, ó sì dínwó. Àmọ́ bí òkun bá ń ru, ẹ ó jókòó ti ẹrù yín títí tí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ìwé ìrìnnà Britain ló wà lọ́wọ́ mi, mo san 500,000 rupiah ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n fún mi ní 30 ọjọ́. Ẹni tó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kó ti gba físà kó tó kúrò nílé, kó sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Waitabula, ní Sumba níbẹ̀, ni kí ẹ ti gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, torí ní abúlé, owó tí ẹ bá kà sọ́wọ́ èèyàn nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ wọ ọjà ibẹ̀ kí ẹ ra ṣúgà, kọfí, àti èso pinang pẹ̀lú sirih. Màá sọ ìdí rẹ̀. Ojek ni wọ́n ń pe ọ̀kadà, oto ni wọ́n ń pe mọ́tò, ojek ló sì gbé mi dé abúlé ní bíi wákàtí kan àbọ̀, àpótí mi wà níwájú ọlọ́kadà, èmi wà lẹ́yìn, bí ẹni ń ti Lafẹ́nwá bọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe wà lójú ọ̀nà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mo gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ ló ń so àdá mọ́ ìdí. Parang ni wọ́n ń pè é. Ọkàn mi kọ́kọ́ já, àfi ìgbà tó di ọjọ́ kejì tí mo rí i pé bí fìlà ló ṣe rí lára wọn: ọkùnrin tí kò so ó kò tíì múra tán.

N kò tíì jókòó tí Mama fi gbé apẹ̀rẹ̀ kékeré kan síwájú mi. Mama ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ti bímọ ní gbogbo apá ìlà-oòrùn Indonesia, Bapak ni ti ọkùnrin, torí náà n kò tiẹ̀ ní láti máa wá orúkọ kiri. Èso pinang ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ náà, àti sirih tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, àti ẹfun tí wọ́n fi iyùn òkun sun. Wọ́n á jẹ ẹ́ pọ̀, ẹnu á pọ́n fòò, àlejò á sì ti wọlé. Obì ni mo rí. Ọmọ tó bá mọ ohun tí obì jẹ́ nílé bàbá rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ rà á lọ́jà nìyẹn. Mo jẹ ẹ́, òógùn bò mí, orí mi fúyẹ́, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òyìnbó ará Netherlands tí a jọ dé kọ̀ ọ́, ó ní eyín òun. Wọn kò bínú sí i, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, orí àga ni wọ́n ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ sí, èmi sì ń bá wọn jẹun lórí ẹní.

Wọ́n tún bi mí bóyá ọmọ Papua ni mí, apá Indonesia tí àwọn èèyàn dúdú ń gbé. Mo ní Nàìjíríà. Àwọn ọ̀dọ́ pariwo orúkọ Greg Nwokolo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà tó di ọmọ ìlú Indonesia. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ilé ìbílẹ̀ wọn yẹ ní wíwò. Òrùlé rẹ̀ ṣóńṣó lọ sókè bí ìgbà tí ẹnì kan di àkẹtẹ̀ gíga fún ilé. Ní Ratenggaro, tó wà létí òkun nítòsí, àwọn kan ga tó mítà 15. Ìsàlẹ̀ pẹpẹ ni ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ ń gbé, àárín ni èèyàn ń gbé, inú ṣóńṣó òkè sì ni ti àwọn baba ńlá, níbi tí wọ́n ń kó ohun ìṣúra ìdílé sí. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń bo òrùlé náà? Ẹ̀kan. Ẹ̀kan yìí kan náà tí àwa ń bú nínú oko, tó ń gún wa lẹ́sẹ̀. Iwájú ilé ni ibojì wà, òkúta ràgàjì tí wọ́n fi ọwọ́ èèyàn wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀, Mama ń sá kọfí síbẹ̀. Arákùnrin ará Netherlands ní ẹ̀rù ń ba òun láti sùn nítòsí òkú. Èmi tí bàbá àgbà mi wà lábẹ́ pálọ̀ ilé wa ní Abẹ́òkúta, oorun mi kò dínkù.

Ohun tó dín oorun mi kù ni àkùkọ. Aago mẹ́ta òru ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀.

Yàrá àlejò wà lọ́tọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ńlá. Ọparun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ibùsùn rẹ̀ mọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rẹ̀ kò ya. Ẹ yẹ nẹ́ẹ̀tì yẹn wò dáadáa, torí ibà wà ní Sumba. Ẹ má sì ṣe gbójú lé pé ọmọ Nàìjíríà ni yín: ẹni tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ara rẹ̀ ti gbàgbé ibà, kó lo oògùn ìdènà. Ilé ìwẹ̀ jẹ́ agbada omi ńlá àti ike ìbomi kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó bomi sára, kò sí ṣáwà. N kò ka ìyẹn sí àbùkù. Ohun tí ẹ ní láti rántí ni pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni oṣù Keje jẹ́, ọkọ̀ ọlọ́tánkì ló ń já omi náà, owó ni ìdílé ń san sí i. Ẹni tó bá ń da omi nù bí ẹni wà ní òtẹ́ẹ̀lì, ojú owó wọn ló ń dà á sílẹ̀. Iná sólà ń tàn dé bíi aago mẹ́wàá alẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lórí òkè kan, ìrìn ogún ìṣẹ́jú.

350,000 rupiah ni mo ń san lóru kan, bíi pọ́n-ùn 17, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta wà nínú rẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n pò mọ́ àgbàdo, ewé ìbẹ́pẹ tí wọ́n sè tí kò sì korò, ẹja tútù, àti ata. Ata wọn ta! Ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an, torí Kristẹni àti ẹlẹ́sìn Marapu ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹja ni wọn á máa fún yín. Marapu ni ẹ̀sìn baba ńlá wọn. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Indonesia ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a láre pé ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè kọ ọ́ sórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe, ẹ ó mọ bí ìyẹn ṣe dùn tó lẹ́nu Bapak nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìràwọ̀ karùn-ún wàyí. Ọmọkùnrin tí ilé náà fi ṣe amọ̀nà fún mi lọ sí adágún Weekuri sọ iye kan nígbà tí a ń lọ, ó sọ òmíràn nígbà tí a bọ̀. Bapak bá a wí, ó dá ìdajì padà, ṣùgbọ́n wọn kò kọ iye owó sílẹ̀ níbikíbi. Ẹ bá wọn dúnàádúrà gbogbo nǹkan kí ẹ tó gun ọ̀kadà.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí ọ̀rẹ́ mi ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù wá pàdé mi lọ́jọ́ kẹta, pẹ̀lú bàtà dídán. Are ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ níbẹ̀, are kan jẹ́ mítà 10 lọ́nà mítà 10, ìyẹn ni pé pulọ́ọ̀tì wa tó jẹ́ ẹsẹ̀ 60 sí 120 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó are 7. Ó mú mi lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ náà rẹwà, n kò ní purọ́. Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní òun. Mo ní bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ó ní ó ti kú. Àwọn àbúrò bàbá ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọmọ onílẹ̀ ná ilẹ̀ rí, ẹ mọ ẹ̀rín yẹn. Ìwé tó mú jáde, olórí abúlé ló fọwọ́ sí i. Sertifikat, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ ti ìjọba, kọ́.

Lálẹ́, mo gbé ọ̀rọ̀ náà fún Bapak. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó kàwé ní ìlú Kupang ló ń túmọ̀. Ó ní kabisu kan, ìyẹn agbolé kan, ló ni ilẹ̀ yẹn, ẹṣin wọn ń jẹko níbẹ̀, ibojì sì wà nínú igbó tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan kò lè dá tà á. Ìyẹn ni ti ìbílẹ̀. Ti ìjọba tún wà: òfin ilẹ̀ Indonesia ti ọdún 1960 sọ pé ọmọ ìlú nìkan ló lè ní Hak Milik, ìyẹn ilẹ̀ tí í ṣe tẹni títí ayé. Àjèjì lè gba Hak Pakai, ẹ̀tọ́ láti lò ó, ọdún 30, kí wọ́n fi 20 kún un, kí wọ́n tún fi 30 kún un. Tàbí kó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ètò ìdókòwò tó lé ní bílíọ̀nù 10 rupiah. Ọgbọ́n tí ọmọ oníbàtà dídán ń kọ́ wa ni pé ká fi orúkọ òun rà á, ká kọ ìwé àdéhùn lábẹ́lẹ̀. Òfin kan náà sọ pé irú rírà bẹ́ẹ̀ kò dúró, owó ẹni kò sì ní padà. Mo tún fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà láti ibi tí omi ń dé: púpọ̀ nínú rẹ̀ wà láàárín mítà 100 tí òfin ní ká fi sílẹ̀ létí òkun. Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń bínú sí mi. Ó ní mo ti di arúgbó.

Nǹkan tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń rìn lẹ́yìn ilé nígbà tí òórùn kan lù mí nímú, mo sì dúró gbọin. Òórùn ẹ̀lú ni. Ìyá mi fi ogójì ọdún jókòó ti ìkòkò aró ní Ìtòkú. N kò lè ṣì í mọ̀. Ìyá Bapak ló ni ìkòkò náà. Mama ní ọkùnrin kì í débẹ̀, aboyún kì í débẹ̀. Mo fi ẹnu ara mi sọ pé oyún kò sí nínú mi, ó ti pẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí n wọlé. Màmá yẹn kò gbọ́ Indonesia dáadáa, èdè Kodi ló ń sọ. Èmi náà kò gbọ́ ọ. A fi ọwọ́ bára wa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwa a máa hun aṣọ tán ká tó fi ìko so ó. Àwọn, òwú gan-an ni wọ́n ń so, tí wọ́n ń rẹ, tí wọ́n á tú, kó tó dé orí òfì tí wọ́n so mọ́ ìbàdí. Àwa ń lo omi eérú sí ẹ̀lú, wọ́n ń lo ẹfun, ẹfun kan náà tí wọ́n fi ń jẹ pinang. Nígbà tí mo fi ìka kan aró, tí mo fi tọ́ ahọ́n wò bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe, màmá náà pa àtẹ́wọ́, ó sì sọ nǹkan kan tí ọmọbìnrin Bapak kọ̀ láti túmọ̀.

Aṣọ kan ni mo bẹ̀ wọ́n, mo san ìdajì owó. Wọ́n ní oṣù mẹ́wàá, ó kéré tán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin náà gun òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lọ, ó fi fọ́tò òwú náà ránṣẹ́: ó ti wọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́rin, màmá ní kò tíì dú tó.