Éásì mẹ́rin wà, afẹ́fẹ́ ni kò sí: oṣù márùn-ún mi nínú jíìmù kan ní Ilé-Ifẹ̀

Màmá aláṣọ kan tí a jọ ń lo jíìmù ló kó mi sídìí ohun tí mò ń kọ yìí. Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti kọjá díẹ̀. Òjò ti ń rọ̀ láti ọ̀sán, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé. Èèyàn bí ogún ń tẹ̀lé orin nílẹ̀, wọ́n ń fò, wọ́n ń yí. Èmi wà lórí ẹ̀rọ ìsáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òógùn ń ro tótó lára mi. Màmá yìí kàn dúró gbagidi láàárín èrò, ó fọwọ́ di iwájú orí mú, ó ní, "Kóòṣì, òòyì ń kọ́ mi o." Kí kóòṣì tó pa orin, màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Èmi àti kóòṣì la gbé e jáde sí ìta. Atẹ́gùn òjò fẹ́ sí i, ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin, ojú rẹ̀ sì là. Mo padà wọlé láti ṣí wíńdò. Méjì péré ni mo tíì ṣí tí ọmọbìnrin ìdí káńtà fi sáré dé pẹ̀lú agolo lọ́fíńdà. Ó fín in yí gbọ̀ngàn po, fíì, fíì, fíì, títí ikọ́ fi gbé èèyàn méjì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti wíńdò tí mo ṣí.

"O ò rí màmá tó fẹ́ dákú ni?"

"Ẹ má bínú, Dádì. Ọ̀gá ní tí éásì bá ti ń ṣiṣẹ́, a ò gbọdọ̀ ṣí wíńdò. Ẹ jẹ́ kí n fi kún éásì."

Ó sì fi kún un. Ẹ̀rín pa mí, inú bí mi lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé éásì àti firíìjì títún ṣe ni mo fi ń jẹun, ó ti lé ní ogún ọdún. Mẹ́rin ni éásì tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, split ni gbogbo wọn. Inú ilé ni split ti ń fa afẹ́fẹ́, inú ilé náà ló ń dà á padà sí. Ooru nìkan ni gáàsì inú páìpù ń gbé lọ sí ẹ̀yà tó wà níta. Èémí tí ogún èèyàn mí jáde, òórùn òógùn, ikọ́ ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, gbogbo rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó kàn ń tutù sí i ni. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á pè mí pé éásì àwọn kò mú afẹ́fẹ́ wá mọ́. Kò mú un wá rí.

Ẹ sì wò ó, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí afẹ́fẹ́ bíi lítà 6 sí 8 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó ń sáré kíkankíkan lè mí tó lítà 100. Ohun yòówù tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ jíìmù, àwa tí à ń lò ó là ń gbé e mì ní àgbémìdákún. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020, ní Kòríà Gúúsù, wọ́n tọpasẹ̀ àrùn èèyàn 112 dé kíláàsì ijó ìdárayá ní ilé eré ìdárayá 12.

Mo wọ bàtà, mo lọ sẹ́yìn ilé. Páànù tí wọ́n máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ń jò, Bàbá ọlọ́dẹ sì ti wọ́ ọ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Sáléńsà rẹ̀ dojú kọ wíńdò ilé ìtọ̀, èyí tí kì í tì dáadáa. Àárín wọn kò tó gígùn apá mi. Ògiri ibẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ni mo bá mọ̀ pé ti ọjọ́ náà kọ́ ni àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, ká gbé e kúrò níbí."

"Òjò ló ń pa á, ọ̀gá. Tó bá bàjẹ́, owó oṣù mi ni wọ́n á ti yọ ọ́."

Kí ni mo fẹ́ bá ìyẹn jà fún? Máníjà ni mo lọ bá. Ọmọ tó mọ aṣọ wọ̀, tó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Ó fa imú níwájú mi, ó ní, "Dádì, èmi ò gbọ́ òórùn kankan." Mo ní ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn. Carbon monoxide tó ń jáde lẹ́nu sáléńsà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ fọ́ni, inú á máa rú, òòyì á dé. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ó ní òun á fi tó ọ̀gá létí, ó fa ìwé yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Mo yọjú wò ó. Ohun tó kọ ni, "Dádì oníéásì ń ráhùn nípa òórùn."

Kí n má purọ́ mọ́ wọn o. Orúnkún mi ọ̀tún ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́, kóòṣì yìí ni kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Orí àga ló ní kí n máa jókòó, kí n máa dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá mẹ́wàá, òun náà á máa kà á pẹ̀lú mi bí ẹni pé kò níṣẹ́ mìíràn. Tí mo bá pa ọjọ́ méjì jẹ, á pè: "Dádì, ṣé àlàáfíà ni?" Irin wọn pé, ilé ìtọ̀ wọn mọ́ (àyàfi ti wíńdò yẹn), ₦15,000 lóṣù kò sì dùn mí. Ká ní ibi yẹn burú pátápátá ni, mi ò bá ti gba ilé mi lọ, ọ̀rọ̀ á ti tán.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ pè mí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, màmá ti sọ fún mi. Kí lẹ rí níbẹ̀ gan-an?" Kò ṣàwáwí, kò ní kí n má kọ nǹkankan síta. Ìjà náà kú sí mi lẹ́nu.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní káḿpọ́ọ̀sì ní ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ kan, kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, tó ń ka carbon dioxide, èyí tí à ń mí jáde. Kì í ka ti jẹnẹrétọ̀ o, ìyẹn ní ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ bóyá afẹ́fẹ́ ń pààrọ̀ nínú ilé. Mo yá a. Ọjọ́ Ajé, ìta jíìmù, 430 nínú mílíọ̀nù kan ló kà. Nínú ilé, kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, 780. Nígbà tó fi máa di aago méje ku ogún ìṣẹ́jú, 2,640. Tó bá ti kọjá 1,000 báyìí, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́ gbà pé ilé ti há. Mádáàmù, ọ̀gá wọn tó pè mí, dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo mítà iná tí owó fẹ́ tán nínú rẹ̀.

"Èémí wa nìyí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Èémí àlòkù ni, mádáàmù."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, ó ní páànù tuntun, sáléńsà kọjú sí ìta. Wọ́n lu ògiri ẹ̀yìn lókè níbi méjì, wọ́n so fáànù ńlá méjì tó yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ jáde. Mo lọ wò ó. Mo na tíṣù sí ẹnu ti ọ̀tún, ó fà á lẹ̀ mọ́ àwọ̀n. Mo na án sí ti òsì, ó fẹ́ ẹ padà mọ́ mi lójú. Wọ́n ti dè é sódì! Èyí tó yẹ kó máa lé èémí wa jáde ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé wọlé.

Oníná tó so ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí ó ń fẹ́?" Mo ní ó ń fẹ́ lóòótọ́. Mo gbé àkàbà fún un. Ó tú u, ó yí i, ó tún un dè, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kó irinṣẹ́ rẹ̀. Mo tún ní kí wọ́n ti wíńdò tó wà lábẹ́ fáànù gan-an, kí wọ́n sì máa ṣí ti iwájú ilé. Bí ti abẹ́ fáànù bá ṣí, ibẹ̀ ni fáànù á ti máa mu, àwọn tó wà níwájú á wà nínú ìyà wọn. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, àwa 22, aago kan náà, 890. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò nọ́ńbà náà.

Éásì méjì péré ni wọ́n ń tàn báyìí, ooru sì ń mú díẹ̀. Gẹ̀ǹdé kan tó máa ń gbé irin ní éásì lòun sanwó fún. Mo bi í bóyá ó ti wọ ilé Humanities ní OAU rí. Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tó yàwòrán káḿpọ́ọ̀sì náà, mú kí àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí òjò àti oòrùn má wọlé, ó sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún atẹ́gùn. Wọ́n ti pè mí síbẹ̀ wá ṣe éásì rí, mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣáá, mi ò fẹ́ wọlé. Gẹ̀ǹdé ní òun kì í ṣe ọmọ OAU.

Màmá aláṣọ ti padà. Ìdí wíńdò iwájú ni àyè tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Wọn ò fún un lówó kankan, wọn ò sì bẹ̀ ẹ́ ju orí fóònù lọ. Máníjà ti ya fídíò fáànù méjèèjì, ó gbé e síta bí ẹni pé òun ló ronú kàn án. Mo ti san ti oṣù mẹ́ta sílẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Jẹnẹrétọ̀ kọ́ ló gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ wọn o, agolo lọ́fíńdà yẹn ni. Ó ṣì wà lórí káńtà títí di àná.