Àwọn oníterrazzo ẹ̀yìn ọjà Òyìngbò

Bí ẹ bá fẹ́ tún ilẹ̀ pálọ̀ yín ṣe, ẹ má tíì sáré ra táìsì. Àwọn oníterrazzo kan wà lẹ́yìn ọjà Òyìngbò (terrazzo ni ilẹ̀ tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ òkúta àti sìmẹ́ǹtì ṣe, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ̀ títí ó fi dán), àwọn ló ṣe ti ìyá mi ní Èbúté-Mẹ́ta, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi.

Ọ̀gá wọn mọ òkúta. Ó bu wẹ́wẹ́ òkúta sínú abọ́, ó ní, "Àǹtí, ti Ìgbẹ́tì nìyí, mábù gidi ni." Inú mi dùn, torí kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ ohun tó wà nínú abọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ ló di òkúta! Òjò máa ń fa gáàsì kábọ́nì-dayọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, á máa jẹ àpáta díẹ̀díẹ̀, odò á gbé ohun tó bá jẹ dé òkun, ibẹ̀ ni yóò ti di òkúta ẹfun. Bí iná abẹ́ ilẹ̀ bá mú òkúta náà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á gba ẹnu òkè oníná jáde padà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èyí ti ń lọ, àmọ́ kì í ṣe bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò tíì sí ẹ̀dá oníkarahun, òkúta ẹfun kàn ń dì fúnra rẹ̀ nínú òkun ni. Ní nǹkan bí 540 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni ẹranko òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe ìkarahun. Igbó wá bo ilẹ̀ lẹ́yìn náà. Igi tó wó sínú ẹrẹ̀ láàárín 359 sí 299 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn di èédú abẹ́ ilẹ̀, kábọ́nì ojú ọ̀run dín kù gan-an, ayé tutù, yìnyín sì bo apá gúúsù rẹ̀.

Mábù Ìgbẹ́tì ti ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ. Òkúta ẹfun ni tẹ́lẹ̀, ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ló sọ ọ́ di mábù. Òkúta ẹfun Ewékoro, tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, kò dàgbà tó o: láàárín 66 sí 56 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì bo ibẹ̀. Ìkarahun ṣì wà nínú rẹ̀ dòní.

Sìmẹ́ǹtì yẹn ló ń dùn mí. Ààrò tó gbóná ju 900°C lọ ni wọ́n fi ń sun òkúta ẹfun, nínú kílò kan èyí tó mọ́ gaara, 440 gíráàmù kábọ́nì-dayọ́ksáìdì ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ká má tíì ka ti iná tí wọ́n dá sí i. Kí ilé iṣẹ́ ńláńlá tó dé, nǹkan bí ìdá 280 ni gáàsì yìí nínú ìdá mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́. Ó ti ju 420 lọ báyìí, ó sì ń mú ayé gbóná sí i.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yin ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n da àpòpọ̀ sílẹ̀, wọ́n tún fọ́n òkúta sí i, wọ́n yí rólà lé e títí òkúta fi sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Sìmẹ́ǹtì tó hàn lójú kéré jọjọ, ilẹ̀ náà sì ń dán. Ilé àtijọ́ pọ̀ ládùúgbò wa tí terrazzo wọn ṣì le koko, táìsì kì í bá a dọ́gba.

Wọ́n tún kọ̀ láti fi ásíìdì fọ̀ ọ́, bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Mo gbè wọ́n lẹ́yìn. Ásíìdì bá kan mábù, á máa hó, kábọ́nì ayé àtijọ́ ló ń jáde yẹn, á jẹ sìmẹ́ǹtì náà, ojú ilẹ̀ á sì di ṣákaṣàka. Bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá bá dà sí i, ẹ tètè nù ún.

Àbùkù kan ni omi ẹrẹ̀ tí ẹ̀rọ ìlọ̀ ń tú jáde. Wọ́n jẹ́ kó ṣàn lọ sí gọ́tà aládùúgbò, ó gbẹ síbẹ̀, àwa la wá lọ fi ṣọ́bìrì kó o. Kí ẹ tó san owó ìṣáájú, ẹ bá wọn ṣàdéhùn pé inú dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n máa dà á sí.