Bíbélì Mímọ́ onílẹ́tà ńlá tó ní atọ́ka: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Ṣọ́ọ̀bù ìtàwé kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, ni mo ti rà á, ₦12,500. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, tí Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ le, síìpù yí i ká, àwọn ẹsẹ atọ́ka, tó ń júwe ibòmíràn tí irú ọ̀rọ̀ kan náà wà nínú Bíbélì, sì tò sí àárín ojú ìwé. Màmá ọkọ mi ni mo rà á fún. Wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ò sì gbé èyí tó wà lórí fóònù mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó kù sí. Síìpù já ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Mo gbé e padà, wọ́n sì bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn máa ń hàn síwájú. Àmì ohùn ò pé, torí náà ọmọ mi tó ń lọ sí ọdún méjìlá máa ń kọsẹ̀ tó bá ń kà á. Èyí tó dùn mí jù ni pé lẹ́tà atọ́ka wẹ́ bí iyanrìn. Wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ ẹsẹ fún àgbàlagbà tán, wọ́n wá fi èyí tí ojú ò lè rí tẹ atọ́ka. Màmá ò lè dá a kà, èmi ni mo ń bá wọn kà á. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé atọ́ka yìí gan-an ló yọ wá nínú ewu.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí Màmá sí, nínú ilé ahunṣọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan a dé Aísáyà 1:18, níbi tí Ọlọ́run ti ní bí ẹ̀ṣẹ̀ yín bá pọ́n bí àlàárì, yóò dà bí irun àgùntàn. Òjò dídì tó ṣáájú rẹ̀ nínú ẹsẹ náà ò ká wọn lára, wọn ò rí i rí. Àmọ́ tí mo pe àlàárì báyìí, wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà. "Ìyá Tọ́lá, o mọ òwú àlàárì? Èyí tó ń gba aṣálẹ̀ wá láyé àwọn bàbá wa, ó ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Fọ̀ ọ́ títí, pípọ́n ló máa pọ́n. Ọlọ́run ní ti àwa náà á funfun." Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú ìwé náà bí ẹni ń pa aṣọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ ò ní àwọ̀. Wọ́n ti mọ̀.

Obìnrin kan náà yìí ni mo bá káàdì oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí ẹyọ kan ò kúrò nínú rẹ̀. Mo wọn ìfúnpá wọn: 192 lórí 108. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Mo ti fi í sílẹ̀. Ìwé ní nípa ìnà rẹ̀ ni a fi mú wa lára dá. Bí wọ́n bá ti mú mi lára dá, kí ni mo tún ń gbé mì láràárọ̀?" Oníwàásù kan ló sọ ọ́ lórí rédíò, pé ẹni tó ń loògùn kò tíì gba ìnà náà gbọ́.

Ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. N ò bá wọn jiyàn, nítorí ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe agídí. Mo gbé Bíbélì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, mo wo atọ́ka Aísáyà 53. Ọ̀kan gbé wa lọ sí 1 Pétérù 2:24, níbi tí Pétérù ti so ìnà yẹn mọ́ ẹ̀ṣẹ̀, pé ká kú sí ẹ̀ṣẹ̀, ká yè sí òdodo. Èkejì gbé wa lọ sí Mátíù 8:17, n ò sì fò ó, nítorí ìrẹ́jẹ nìyẹn ìbá jẹ́. Àìsàn gidi ni Mátíù ń sọ níbẹ̀. Ibà ń ṣe ìyá ìyàwó Pétérù, Jésù fọwọ́ kàn án, ó dìde. Mo gbà pé Jésù ń woni sàn. Mo wá ṣí 2 Ọba 20 fún wọn. Hesekáyà ń ṣàìsàn dé ojú ikú. Ọlọ́run ní òun á wò ó sàn, òun á fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Aísáyà, Aísáyà kan náà tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé tí wọ́n ń tọ́ka sí, ní kí wọ́n mú ọ̀pọ̀tọ́ wá. Wọ́n fi lé oówo tó yọ sí i lára, ara rẹ̀ sì yá.

Màmá dákẹ́ pẹ́.

"Ọ̀pọ̀tọ́?"

"Ọ̀pọ̀tọ́ ni, Màmá."

"Lẹ́yìn tí Ọlọ́run ti ní òun á wò ó sàn?"

"Lẹ́yìn rẹ̀ ni."

Wọ́n ní kí n bu omi wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ yìí. Lálẹ́, àgbà kì í pe ejò ní ejò, wọ́n á ní okùn wà nínú yàrá. Ọmọ tó bá na ọwọ́ láti gbé okùn, ẹ mọ ohun tó máa bá a. Bí wọ́n bá ní ọba wàjà, kò sẹ́ni tó ń gbé àkàsọ̀ lọ wo òkè àjà. A ti mọ èyí kí a tó mọ̀wé, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa máa ń fi í sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ò fi wá sínú òkùnkùn. Nátánì sọ ìtàn àgùntàn tálákà fún Dáfídì, Dáfídì rò pé ẹjọ́ gidi ni, ó dá ẹjọ́ ikú, ara rẹ̀ ló dá a fún. Jésù ní Lásárù sùn. Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní bó bá jẹ́ oorun ni, ara rẹ̀ á yá, àfìgbà tó là á mọ́lẹ̀ pé ó ti kú.

Mo sì mọ àwọn tó ń sá gba ọ̀nà kejì, tí wọ́n ń dẹ ọ̀rọ̀ tó bá le. Ẹnì kan ní kíláàsì Ọjọ́ Ìsinmi wa ní ojú abẹ́rẹ́ tí Jésù ní ó rọrùn fún ràkúnmí láti wọ̀ ju kí olówó wọ ìjọba Ọlọ́run lọ, ẹnubodè kékeré kan ló jẹ́ ní Jerúsálẹ́mù, pé bí wọ́n bá ti sọ ẹrù kalẹ̀ á wọlé. Kò sí ẹ̀rí kankan pé irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀ wà láyé Jésù. Wọ́n kàn fi dẹ ọ̀rọ̀ tó le fún olówó ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1 Kọ́ríńtì 15: Pọ́ọ̀lù ní bí Kristi ò bá jíǹde, asán ni ìwàásù wa. Ẹni tó bá sọ ìyẹn di àkàwé lásán, ọ̀rọ̀ tara rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ti Pọ́ọ̀lù.

Ohun tí mo fi ń yin Bíbélì yìí nìyí. Kò sí àlàyé ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹsẹ kan ló ń fi ọ́ lé ẹsẹ mìíràn lọ́wọ́, tí wàá fi rí bí àwọn tó kọ ọ́ ṣe ń ka ara wọn. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀, tí kò ní atọ́ka, ì bá fi èmi àti Màmá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ kan ṣoṣo àti oníwàásù orí rédíò.

Káàdì oògùn tó ti ṣófo ni Màmá fi ń sàmì sí ojú ìwé báyìí. Ìfúnpá wọn lánàá jẹ́ 138 lórí 84.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ rà á fún àgbàlagbà, kó ra awò amú-lẹ́tà-tóbi mọ́ ọn, kó sì ṣí síìpù náà wò dáadáa kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú lẹ́tà atọ́ka yẹn tóbi sí i.